LUÍS GAMA: ỌMỌ TÍ BÀBÁ RẸ̀ TÀ, TÍ Ó DI AGBẸJỌ́RÒ ÀWỌN TÍ A TÀ



Bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn àgbà Èkó ń pe Ìjọ wa ní Ìjọ Àgùdà, ẹ má ṣe rò pé orúkọ lásán ni. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bràsíìlì, tí Ọlọ́run sì mú díẹ̀ nínú wọn padà wá sílé, ni à ń pè ní Àgùdà. Àwọn ni wọ́n gbé ìgbàgbọ́ Kátólíìkì wọ Èkó, tí wọ́n sì ń péjọ gbàdúrà, kí àlùfáà tó wá fìdí kalẹ̀ láàrin wọn. Nípa àwọn tí ó padà wọ̀nyí a ti gbọ́ púpọ̀. Lónìí, ọ̀kan nínú àwọn tí kò padà ni a fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọ obìnrin Yorùbá ni. Bàhíà ni a bí i sí, kò sì fi ojú kan ilẹ̀ ìyá rẹ̀ títí ó fi kú. Orúkọ rẹ̀ ni Luís Gama.

Ọ̀pọ̀ ohun tí a mọ̀ nípa ìgbà èwe rẹ̀ wá láti inú lẹ́tà kan tí òun tìkára rẹ̀ kọ ní 1880 sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, Lúcio de Mendonça. Ó wí nínú lẹ́tà náà pé a bí òun ní ìlú Salvador ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ọdún 1830. Luísa Mahin ni ìyá rẹ̀, obìnrin dúdú tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni, ọmọ ẹ̀yà Nàgó. Nàgó sì ni orúkọ tí àwọn ará Bràsíìlì fi ń pe àwa Yorùbá. Ó ní ìyá òun kúkúrú, ó tín-ín-rín, ó lẹ́wà, eyín rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. Ọjà ni ó ń tà láti fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀. Ó le ní iṣẹ́, ó lawọ́, ṣùgbọ́n kì í tẹrí ba fún ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ọmọ náà kò sì fi pamọ́ fún wa pé ìyá òun kọ̀ jálẹ̀ láti ṣe ìsàmì. Kò gba ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ rárá.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kánjú dá obìnrin yìí lẹ́jọ́. Àwọn tí ń ra àwọn ènìyàn rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, tí wọ́n sì ń nà wọ́n ní ọjọ́ Ajé, àwọn kan náà ni wọ́n ń pè é wá sí ibi omi ìsàmì.

Ní òru ọjọ́ 24 mọ́ ọjọ́ 25 oṣù kìíní, ọdún 1835, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n wà ní Salvador, ẹrú àti ẹni òmìnira, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, dìde pẹ̀lú ohun ìjà. A ṣẹ́gun wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. A pa àwọn kan, a na àwọn kan, a sì fi ọkọ̀ kó àwọn kan padà sí etí òkun ilẹ̀ wa. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rù Nàgó ti ń ba àwọn olówó ẹrú jákèjádò Bràsíìlì, ẹ ó sì rí i níwájú bí ẹ̀rù náà ti kan ọmọ yìí. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí a mú ìyá rẹ̀ pé ó lọ́wọ́ nínú irú ìdìtẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí rúkèrúdò mìíràn ṣẹlẹ̀ ní Bàhíà ní 1837, obìnrin náà lọ sí Rio de Janeiro, kò sì padà mọ́. Ọmọ ọdún méje ni Luís nígbà náà. Ó wá a lọ sí Rio ní 1847, ó tún wá a ní 1856, ó tún wá a ní 1861. Kò rí i. Àwọn ará ilẹ̀ Áfríkà kan tí wọ́n mọ̀ ọ́n ni wọ́n sọ fún un lẹ́yìn náà pé a ti ṣọdẹ mú un ní 1838 pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó tún gbúròó wọn.

Ní ti bàbá rẹ̀, òyìnbó ni, láti inú ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ńlá Bàhíà tí orírun wọn jẹ́ Potogí. Ó fẹ́ràn ọmọ náà, ó gbé e lé ẹsẹ̀ tọ́ ọ. Ní ọmọ ọdún mẹ́jọ a ṣe ìsàmì fún un ní ìjọ Sakramẹ́ńtì Mímọ́ ní Itaparica. Ṣùgbọ́n bàbá yìí fẹ́ràn ẹṣin, ó fẹ́ràn ọdẹ, ó fẹ́ràn àsè, ó sì fẹ́ràn tẹ́tẹ́ ju gbogbo wọn lọ. Ogún ńlá kan bọ́ sí i lọ́wọ́ ní 1836, kò sì pẹ́ tí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá, ọdún 1840, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ní ilé tẹ́tẹ́ mú ọmọ ọdún mẹ́wàá náà wọ inú ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Saraiva, bàbá sì ta ọmọ rẹ̀ lẹ́rú níbẹ̀.

Àwọn baba wa mọ ìwọ̀fà. Bí gbèsè bá ká ènìyàn mọ́, a máa fi ọmọ rẹ̀ sin olówó. Ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ rẹ̀ náà ni, ọjọ́ tí ó bá san owó náà tán ni ọmọ yóò padà sílé. Èyí tí a ń sọ yìí kì í ṣe ìwọ̀fà. Òfin Bràsíìlì pàápàá kò gbà á, nítorí ẹni tí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ òmìnira, òmìnira ni òun náà. Ó sì yẹ kí á rántí pé ní oṣù kejìlá ọdún 1839, kò tíì pé ọdún kan kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ni Pápà Mímọ́ Gregory Kẹrìndínlógún kọ ìwé sí gbogbo ayé, nínú èyí tí ó ti fi òwò ẹrú bú, tí ó sì kìlọ̀ fún gbogbo Krìstẹ́nì, àlùfáà àti ọmọ ìjọ, pé wọn kò gbọdọ̀ gbè é lẹ́yìn. Ìwé náà kò bá ẹni tí yóò gbọ́ pàdé ní èbúté Salvador.

Ohun kan wà tí Luís Gama ṣe tí ó jọ mí lójú. Títí ó fi kú, kò dá orúkọ bàbá rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nínú lẹ́tà 1880 náà, ó sọ ohun gbogbo tí ọkùnrin náà ṣe, ṣùgbọ́n ó fi orúkọ rẹ̀ pamọ́, kí a má bàa kó ìtìjú bá òkú. Àwọn tí ń wádìí ìtàn ti wá orúkọ náà fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ.

Ọkọ̀ náà gbé e dé Rio, sí ilé oníṣòwò Potogí kan tí ń ta àbẹ́là. Àwọn obìnrin ilé náà ṣàánú rẹ̀, wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n wọ aṣọ fún un. Ní ọjọ́ tí a ó mú un kúrò níbẹ̀, ó sunkún púpọ̀. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Antônio Pereira Cardoso ni ó rà á, mọ́ àwọn ẹrú mìíràn tí wọ́n ju ọgọ́rùn-ún lọ. A kó wọn gba orí omi dé èbúté Santos. Láti Santos, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi gun òkè gíga Cubatão, wọ́n sì rìn dé Jundiaí àti Campinas. Ọmọ ọdún mẹ́wàá, láìsí bàtà. Ẹ̀yin òbí tí ẹnikẹ́ni bá wá bá pé iṣẹ́ wà fún ọmọbìnrin yín ní Ítálì, ẹ bi í léèrè bí ọmọ náà yóò ti gba aṣálẹ̀ kọjá.

Ní Campinas, a tò wọ́n síta fún àwọn olóko. Ẹnìkan tí ó ní oko ńlá rí Luís, ó fẹ́ràn rẹ̀, ó fẹ́ rà á, ó sì bi í pé níbo ni a ti bí i. Nígbà tí ó gbọ́ pé Bàhíà ni, ó ti ọmọ náà kúrò. Àwọn mìíràn ṣe bákan náà. Ẹ̀rù àwọn tí ó jà ní 1835 ṣì wà lára wọn, wọn kò sì fẹ́ ra ọmọ ìlú ọlọ̀tẹ̀ sínú oko wọn. Báyìí ni ó padà sí São Paulo pẹ̀lú Cardoso, bí ọjà tí kò tà. A kọ́ ọ láti máa fọ aṣọ, láti máa lọ̀ ọ́, láti máa rán aṣọ àti láti máa tún bàtà ṣe. Bí olóko náà bá rà á ni, bóyá inú oko kọfí ni ìtàn rẹ̀ ì bá parí sí.

Ní 1847, akẹ́kọ̀ọ́ kan wá gbé ní ilé Cardoso. Antônio Rodrigues do Prado ni orúkọ rẹ̀. Ó bá ọmọ ẹrú náà ṣọ̀rẹ́, ó sì kọ́ ọ ní a, b, d. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Luís nígbà tí ó kọ́kọ́ mọ ìwé kà. Kò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà tí ó fi wá ẹ̀rí ní ìkọ̀kọ̀, tí ó sì rí i, pé òmìnira ni a bí òun. Ó sá kúrò ní ilé Cardoso, ó lọ wọ iṣẹ́ ọmọ ogun.

Ọdún mẹ́fà ni ó lò nínú iṣẹ́ náà. Ọ̀gá kan bú u, ó sì fèsì. A tì í mọ́lé fún ọjọ́ mọ́kàndínlógójì, ó ń ka ìwé nínú àtìmọ́lé. Lẹ́yìn èyí ó ń bá àwọn ènìyàn da ìwé kọ, ó sì bá ojú rere pàdé lọ́dọ̀ ọ̀gá ọlọ́pàá kan tí ó tún jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ òfin, Furtado de Mendonça. Ní 1856 a fi í ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá São Paulo. Ó ka ìwé òfin tí ó wà nílé ọ̀gá rẹ̀. Kò gba oyè ilé ẹ̀kọ́ òfin kankan, nítorí a kò fẹ́ irú rẹ̀ níbẹ̀. Ní 1859 ó tẹ ìwé ewì kan jáde, nínú èyí tí ó ti fi àwọn ènìyàn pàtàkì tí wọ́n ń sẹ́ ìyá àgbà wọn tí ó dúdú ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Àwọn tí ọ̀rọ̀ bá kò rẹ́rìn-ín.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á sọ nípa iṣẹ́ tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Òfin kan wà ní Bràsíìlì tí a ṣe ní ọjọ́ 7 oṣù kọkànlá, ọdún 1831. Òfin náà wí pé gbogbo ẹrú tí a bá ti òkè òkun kó wọ ilẹ̀ Bràsíìlì láti ọjọ́ náà lọ ti di òmìnira. Nítorí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ṣe é. Àwọn ará Bràsíìlì sì ń sọ títí di òní nípa ohun tí kò ní láárí pé a ṣe é kí Gẹ̀ẹ́sì lè rí i ni. Lẹ́yìn òfin yìí, àwọn tí a tún kó lọ síbẹ̀ ju 700,000 lọ, kí òwò náà tó dópin ní àwọn ọdún 1850. Ẹ wò ó bí ọ̀ràn náà ti rí: gbogbo wọn, àti ọmọ wọn àti ọmọ-ọmọ wọn, òmìnira ni wọ́n lójú òfin, inú oko ni wọ́n sì wà, tí a ń nà wọ́n. Adájọ́ mọ̀. Ọlọ́pàá mọ̀. Púpọ̀ nínú àwọn adájọ́ pàápàá ní irú ẹrú bẹ́ẹ̀ nílé.

Luís Gama mú òfin tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé yìí, ó gbé e wọ ilé ẹjọ́. Ìṣirò tí ọmọ ilé ìwé lè ṣe ni ó fi ń bá wọn jà. Bí ọkùnrin kan bá jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún ní 1870, tí olówó rẹ̀ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ilẹ̀ Áfríkà ni a bí i sí, a jẹ́ pé 1840 ni a bí i. Báwo ni a ṣe lè ti kó o dé kí 1831 tó kọjá? Ìwé tí olówó ẹrú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni ó di ẹ̀rí lòdì sí i. Nígbà mìíràn ìwé ìsàmì ni a fi ṣe ẹ̀rí. Àlùfáà ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní ọdún báyìí òun ṣe ìsàmì fún ẹrú kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Áfríkà dé, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè bí ẹni náà ti ṣe di ẹrú. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìwé tí Fàdá ń kọ ní sákírísítì kò ju ìwé lọ, ẹ rántí èyí.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ẹrú kò lè fúnra rẹ̀ pe olówó rẹ̀ lẹ́jọ́. Ẹlòmíràn ni yóò dúró fún un. A ó sì gba ẹrú náà lọ́wọ́ olówó rẹ̀, a ó fi í sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn títí ẹjọ́ yóò fi parí, kí a má bàa tà á lọ sí ọ̀nà jíjìn tàbí kí a lù ú pa. Gama a máa ṣe gbogbo èyí lọ́fẹ̀ẹ́. Ó tilẹ̀ kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn São Paulo pé òun yóò gba ẹjọ́ òmìnira rò láìgba owó.

Ní 1869, ó gbé ọ̀ràn ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Jacinto wá síwájú adájọ́ Rego Freitas. Lẹ́yìn òfin 1831 ni a kó Jacinto wọ Rio. Adájọ́ náà kò fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀ràn náà. Gama kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn, ó sì fi hàn ní gbangba pé ẹni tí a fi ṣọ́ òfin ń sá fún òfin. Kò pẹ́ tí a fi lé e kúrò ní iṣẹ́ akọ̀wé tí ó ti ń ṣe láti 1856. Ó ní ìyàwó, Claudina, ó sì ní ọmọkùnrin kan, Benedito, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Láti ìgbà náà lọ, ẹjọ́ rírò nìkan ni ó kù fún un, pẹ̀lú ìwé àṣẹ tí a fún un láti máa rojọ́ bí kò tilẹ̀ gboyè.

Ẹjọ́ tí ó tóbi jù nínú gbogbo èyí tí ó rò ni ti àwọn ẹrú Ferreira Netto. Ọlọ́rọ̀ ará Potogí ni Netto; ó kú, ó sì ti kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí a dá gbogbo ẹrú òun sílẹ̀. Àwọn tí ó jogún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí jà lórí ohun ìní, wọn kò sì dárúkọ òmìnira rárá. Gama rí ọ̀rọ̀ ìjà wọn nínú ìwé ìròyìn. Ó lọ sí ilé ẹjọ́ Santos, ó béèrè òmìnira fún ènìyàn 217 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n dá a láre ní ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́. Ẹjọ́ náà lọ sókè títí dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Rio, ní 1872, a sì ṣe ìdájọ́ tí ó dùn tí ó sì korò: òmìnira wọn dúró, ṣùgbọ́n wọn yóò sìn di 1878 kí wọ́n tó gbà á. Nígbà tí 1878 fi pé, nǹkan bí 130 ni ó kù láàyè nínú wọn.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí mo ti kà á: àwọn tí wọ́n kú láàrin ọdún mẹ́fà yẹn, tí wọ́n mọ̀ pé àwọn ti jàre.

Nínú lẹ́tà 1880 ó wí pé àwọn tí òun ti gbà sílẹ̀ lóko ẹrú ju 500 lọ. Wọ́n sì ń lépa ẹ̀mí rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1870, ó kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá òun yóò rí ọ̀la. Ó gbà á níyànjú pé kí ó máa kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìwé.

Ìwé ìjọ ni èyí, a kò sì gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́. Nínú lẹ́tà kan náà ni ó ti sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó jẹ́ Krìstẹ́nì, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe darapọ̀ mọ́ ìjọ kankan. Ó wà nínú ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ Freemason, tí Ìjọ Mímọ́ kọ̀ fún wa. A kò pè é ní ẹni mímọ́. Ṣùgbọ́n a ní láti bi ara wa léèrè ohun tí ó rí lọ́wọ́ wa. Àwọn ilé àwọn mọ́ńkì ní Bràsíìlì ní ẹrú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1871 ni àwọn ọmọ Ẹni Mímọ́ Bẹ́nédíktì tó dá gbogbo ti wọn sílẹ̀. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ. Àwọn baba wa tí kò gbọ́ Ìhìnrere rí ń pa á lówe.

Àtọ̀gbẹ ni ó pa á, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ, ọdún 1882, ní ilé rẹ̀ ní Brás. Ọjọ́ orí rẹ̀ jẹ́ ọdún méjìléláàádọ́ta. São Paulo kò tíì rí irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀ rí. A pèsè ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin fún òkú, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn dúdú kò gbà. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbé pósí náà ní gbogbo ọ̀nà tí ó jìn láti Brás dé ibojì Consolação. Àwọn ọlọ́jà ti ilẹ̀kùn. Onírúurú ènìyàn ń gba ara wọn lábẹ́ pósí náà. Ó tó ìgbà kan tí ọlọ́rọ̀ tí ó ní ẹrú lóko gbé apá kan, tí òtòṣì aláwọ̀ dúdú tí kò wọ bàtà sì gbé apá kejì. Ní ẹnu ibojì, kí a tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, àwọn ènìyàn na ọwọ́, wọ́n búra pé iṣẹ́ náà kò ní kú.

Ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni Antônio Bento, adájọ́ àtijọ́, olórí ẹgbẹ́ Ìyá Wa ti Ìwòsàn ní São Paulo. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ẹgbẹ́ náà ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń pàdé. Wọ́n ń lọ sí oko ní òru, wọ́n ń kó àwọn ẹrú sá. Wọ́n sì so àwọn irin tí a fi ń dá ẹrú lóró kọ́ sínú ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn tí ń bọ̀ wá sí Míìsà yóò ti rí i. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1888, Pápà Leo Kẹtàlá kọ ìwé sí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Bràsíìlì lórí òmìnira àwọn ẹrú. Ní ọjọ́ 13 oṣù náà ni a fi òpin sí oko ẹrú ní gbogbo ilẹ̀ náà. 

Ní 2015, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Bràsíìlì péjọ ní São Paulo, wọ́n sì fún Luís Gama ní oyè agbẹjọ́rò. Ọdún 133 ni ó ti lò nínú ibojì.